Bíréèkì Méjì, Ọkọ̀ Kan

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ọ̀rọ̀ náà sì ni "Bẹ́ẹ̀ni." Wọ́n bi í bóyá ebi ń pa á, ó ní bẹ́ẹ̀ni. Wọ́n bi í bóyá ó ti yó, ó ní bẹ́ẹ̀ni. Dókítà kan bi í bóyá obìnrin ni, láti fi dán an wò, ó tún ní bẹ́ẹ̀ni, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, torí ó mọ ohun tí ẹnu òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sí òun.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀. Aláwọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iṣẹ́ awọ ló ń ṣe: ìjókòó ọkọ̀, ìbòrí àga, àpò irinṣẹ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, abẹ́rẹ́ ti sọ ìka rẹ̀ di líle bí pátákó. Láti ìgbà tí ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ti kú ni àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé inú ilé kan náà: ṣọ́ọ̀bù Aláwọ níwájú, yàrá méjì láàárín, gáréèjì Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn.

Inú gáréèjì yẹn ni ọkọ̀ wà. Ojúlówó irú rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn olówó ló kó wọn pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Àwòkọ ni ti Ẹ̀gbọ́n: fáíbà ni ara rẹ̀, ara ọkọ̀ kékeré kan tó ti kọlu ògiri ni wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì àti ìdí rẹ̀. Ìjókòó méjì péré ló ní, kò ní òrùlé, imú rẹ̀ gùn, rímù rẹ̀ jẹ́ onísípóòkù tín-ín-rín tó ń kọ mànà bí oòrùn bá tàn sí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni Ẹ̀gbọ́n, tó ń fi ẹ̀rọ gé irin nílé iṣẹ́ kan kó tó fẹ̀yìn tì, fi tò ó. Aláwọ ló rán ìjókòó rẹ̀, awọ pupa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rán an, torí Ẹ̀gbọ́n ní ojú ìrán àkọ́kọ́ wọ́.

Bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ló kù. Dírọ́ọ̀mù ló bá ìdí ọkọ̀ náà wá, Ẹ̀gbọ́n sì fárí pé òun ò ní fi dírọ́ọ̀mù àtijọ́ sáré láéláé, dísìkì lòun ń fẹ́. Ọkùnrin kan tó ń kó páátì ọkọ̀ wọlé láti òkè òkun gbé oríṣi méjì wá fún un pé kó fi wọ̀n ọ́n wò, kó mú èyí tó bá wù ú, kó dá èkejì padà. Ọjọ́ kẹta tó gbé e wá ni Ẹ̀gbọ́n ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń bọ́jú láàárọ̀.

Oṣù méje kọjá. Páálí méjèèjì ń gba eruku lórí bẹ́ńṣì. Lọ́jọ́ Ajé kan, onípáátì pe Aláwọ lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìdí tí mi ò fi yọ yín lẹ́nu nìyẹn. Ṣùgbọ́n oníbàárà mi kan ti ń dúró de oríṣi tí ẹ ò bá lò. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

"Oríṣi wo lẹ fẹ́ gbé?"

"Èyíkéyìí. Ẹ̀yin lẹ máa sọ."

Ì bá rọrùn kó ní kí ó kó méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n kì í jẹun mọ́ àfi tí wọ́n bá ti kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà gáréèjì, kó lè máa wo ọkọ̀ náà níbi tó wà lórí búlọ́ọ̀kù. Bí Aláwọ bá ní kí wọ́n kó bíréèkì lọ, a jẹ́ pé ó ti sọ fún un pé ọkọ̀ náà ò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Ó ṣí páálí méjèèjì, ó to ohun inú wọn sórí aṣọ. Àkọ́kọ́: dísìkì rẹ̀ kéré bí àwo ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kálípà tó máa fún un mọ́ra tóbi, ó rí wúruwùru, apá irin kan sì yọ lára rẹ̀ fún hándì-bíréèkì. Èkejì: dísìkì rẹ̀ gbòòrò bí ìdérí ìkòkò, ṣùgbọ́n kálípà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì ní ibi tí hándì-bíréèkì yóò so mọ́ rárá. Ó gbé àkọ́kọ́ síwájú Ẹ̀gbọ́n.

"Bùọ̀dá mi, ṣé eléyìí lẹ fẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ni."

Ó gbé e sílẹ̀, ó gbé èkejì. "Àbí eléyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ni," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

Obìnrin kan láti ọsibítù a máa wá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ìyẹn ti kìlọ̀ fún Aláwọ pé kó má máa bi í ní ìbéèrè oní-bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́, kó jẹ́ kó nawọ́ sí ohun tó bá fẹ́. Aláwọ wá to méjèèjì sórí itan Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. "Ẹ nawọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́." Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè, ó sì nà án sí fèrèsé. Aláwọ wo fèrèsé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ògiri aládùúgbò.

Lọ́jọ́ kejì, ó tú ìwé àkọsílẹ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ó kún fún àwòrán tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yà, òǹkà sì kúnnú wọn bí èèrà. Ó ń ṣí i, ó ń ṣí i, títí tó fi kan ojú ewé tó kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì fà á nílà lẹ́ẹ̀mejì: "Ti ẹ̀yìn: èyí tó kéré."

Ayọ̀ gbé Aláwọ dìde. Ó sáré lọ sídìí bẹ́ńṣì. Àfi bó ṣe débẹ̀ tó dúró ṣáńṣán. Èwo ló kéré? Ọ̀kan kéré ní dísìkì, èkejì kéré ní kálípà. Ó jókòó sórí àpótí, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Ó lọ pe mẹkáníìkì tó wà lódì kejì títì, ọkùnrin arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Onígíríìsì, ẹni tí òun àti Ẹ̀gbọ́n ti jọ ń ṣàwàdà láti ọdún pípẹ́. Onígíríìsì yẹ páátì náà wò, ó tún ka ohun tí ó wà nínú ìwé, ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, àfi bí ẹni pé wọ́n kó ìyàwó méjì wá fún ọkùnrin, wọ́n wá ní kí àbúrò ẹ̀ obìnrin bá a mú èyí tó fẹ́ràn."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Èwo lẹ̀yin ì bá mú?"

"Èmi? Èyí tó ní hándì-bíréèkì lára. Kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ẹ kì í ṣe èmi. Tó bá jẹ́ ohun tí ò ní wàhálà ló fẹ́ láyé ẹ̀, ṣé ọkọ̀ tó máa gba ọdún mẹ́sàn-án ló máa tò?"

Ó yí sí Ẹ̀gbọ́n, ó pariwo bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀: "Ọ̀rẹ́ mi! Ṣé kékeré dísìkì lo ní lọ́kàn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ni."

"Àbí kékeré kálípà?"

"Bẹ́ẹ̀ni, bẹ́ẹ̀ni, bẹ́ẹ̀ni!" Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ lu apá kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Onígíríìsì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yọ fìlà, ó ní òun gbàgbé nǹkan sí ṣọ́ọ̀bù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́bọ̀, Aláwọ pe ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Ohùn obìnrin kan sọ fún un láti òdì kejì pé ọkọ̀ tí hándì-bíréèkì rẹ̀ ò bá lè mú un dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ò ní rí ìwé gbà. Ohun tó yàn án fún un nìyẹn. Nígbà tí onípáátì dé lọ́sàn-án, Aláwọ gbé oní-dísìkì gbòòrò lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Títí ọkọ̀ onípáátì fi yí kọ́nà, kò gbójú kúrò lára páálí náà. Aláwọ rò pé bóyá ó ń kábàámọ̀ ni. Ó tún rò pé bóyá ara ló tù ú. Kò sí bó ṣe lè mọ̀.

Ọjọ́ méjì ni Onígíríìsì fi de bíréèkì náà. Aláwọ ló jókòó sórí awọ pupa tó fúnra rẹ̀ rán, tó ń bá a tẹ pẹ́dà kí afẹ́fẹ́ lè jáde nínú họ́ọ̀sì.

"Tẹ̀ ẹ́. Dì í mú. Dì í mú o! Ó yá, tú u."

Gbogbo ẹ̀ lọ bó ṣe yẹ, àfi ìgbà tí wọ́n gbé rímù padà sí i. Onígíríìsì mú nọ́ọ̀tì so ó, ó fọwọ́ yí táyà. Kò yí. Ohùn kan dún, kẹ̀ẹ̀. Kálípà wúruwùru yẹn ti tóbi jù, ó ń ha sípóòkù nínú. Ó gbìyànjú ẹ̀gbẹ́ kejì, bákan náà ni.

"Ì bá jẹ́ pé èkejì la mú ńkọ́?" Aláwọ bi í.

Onígíríìsì nu ọwọ́. "Bóyá ì bá wọ̀. Bóyá kò ní wọ̀. A ò wọ̀n ọ́n."

Oníbàárà tó gba èkejì ti lò ó. Aláwọ pe onípáátì, ìyẹn tọrọ àforíjì, kò ní òmíràn. Níkẹyìn, Onígíríìsì rí rímù irin gbalasa méjì lára ọkọ̀ tó ti kú, ó fi wọ́n sẹ́yìn. Wọ́n yí geere. Wọ́n fi jáàkì sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ kúrò lórí búlọ́ọ̀kù, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: iwájú rẹ̀ ń kọ mànà, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Aláwọ ti kẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n yí ọkọ̀ náà po. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn, Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ rímù irin náà. Ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó fà á, ó fà á, bí ẹni ń fa nǹkan látinú kànga.

"Rárá."

Aláwọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Kí lẹ wí? Ẹ tún un wí!"

"Rárá."

"Ṣé rímù ni?"

"Rárá."

"Ṣé bíréèkì ni?"

"Rárá."

"Ṣé ká tú u ni? Àbí ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá. Rárá." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, obìnrin ọsibítù pàtẹ́wọ́, ó ní ọ̀rọ̀ tuntun nìyẹn, ohun ìdùnnú gbáà ni. Aláwọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ọkọ̀ náà gbàwé. Hándì-bíréèkì mú un dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbọn-in, ayẹkọ̀wò sì fọwọ́ lù ú lẹ́yìn bí ẹni ń yin ẹṣin. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, Onígíríìsì bá wọn gbé Ẹ̀gbọ́n sínú ìjókòó pupa. Aláwọ wà á lọ títí dé ìparí títì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun wọn. Ní oríta, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà dúró gbọnrangandan láìyẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Ojú Ẹ̀gbọ́n wà níwájú, kò sọ bẹ́ẹ̀ni, kò sọ rárá. Aláwọ ò bi í ní nǹkan kan. Wọ́n yí padà sílé.

Láti ìgbà náà, bí àkókò oúnjẹ bá tó, Aláwọ a ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síwájú ọkọ̀, níbi tí rímù onísípóòkù wà. Ẹ̀gbọ́n a fi ọwọ́ òsì rẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó lè gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títí yóò fi dé ẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa wo àlàfo ara rímù irin tí bíréèkì gbà yọjú. Aláwọ a gbé àwo oúnjẹ tẹ̀ lé e, a dúró tì í, a bu oúnjẹ sínú ṣíbí, a sì máa wò ó lójú bóyá yóò rí nǹkan kà níbẹ̀.