Ọ̀rọ̀ Tí Màámi Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Pè Mí

Bí ògì bá jó nídìí ìkòkò, òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú ilé. Òórùn yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nílé wa ní Bódìjà, lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta ààwẹ̀, kí n tó rí Màámi tí wọ́n ti dákú sílẹ̀ ilé ìdáná, tí ọmọrogùn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìṣínu mi ni wọ́n ń sè.

Ìwọ náà mọ̀ bí a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa: bí ẹnì kan bá ń wá nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run, àwọn ará ilé rẹ̀ á bá a gbààwẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni èmi ń wá. Pásítọ̀ wa ti sọ ọ́ kedere pé kí ẹni tó ń lo oògùn má gbààwẹ̀, Màámi sì ní ìtọ̀ ṣúgà, àràárọ̀ ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀. Síbẹ̀ mo sọ fún wọn pé, "Màámi, ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Àdúrà ìyá kì í lọ lásán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àṣé ìwọ náà mọ ìyá lò! Ó dáa, a jọ máa gbà á."

Wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ wọn láràárọ̀ bí ìṣe wọn, oúnjẹ kankan kò sì tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ tí kò rí oúnjẹ bá jà, ẹni tó gún un ló máa ń yíjú sí.

Àbúrò mi obìnrin gun ọ̀kadà láti Apẹ́tẹ́ wá bá wa ní ọsibítù tí mo gbé Màámi lọ. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì, ló bá kọjú sí mi. "Bọ̀dá mi, ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbà á? Aláìnírònú ni yín!"

Ẹnu mi ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó wà ní kékeré, bó bá fọ́ ife, bó bá sọ bàtà nù, ohun tí mo máa ń pè é nìyẹn.

Omi tí wọ́n fà sí Màámi lára ti jẹ́ kí wọ́n lajú díẹ̀. "Má pe ẹ̀gbọ́n rẹ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀ mí ni, èmi ni mo gbà." Wọ́n wá wò mí. "Ṣé o ti ṣínu?"

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu wọn nìyẹn. Wọ́n jáde láyé lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́tà iṣẹ́ náà dé kí ogójì ọjọ́ wọn tó pé. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo ṣì ń dúpẹ́ títí dòní, torí Ọlọ́run kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹkún ló máa ń gba ọpẹ́ náà mọ́ mi lẹ́nu. Àbúrò mi ti wá tọrọ àforíjì. Mo ní kò ṣẹ̀ mí.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Agbówó. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tí kì í ronú ni aláìnírònú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ronú gan-an lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn: mo ronú nípa iṣẹ́ náà, àní mo ti ronú kan ṣòkòtò tí n ó wọ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, ọmọbìnrin kan nawọ́: "Tíṣà, ta ni wọ́n ń pè ní aláìnírònú?"

Mo ní, "Ẹni tó ń ronú ni. Ó ronú títí, kò ronú kan ẹni tó ń se oúnjẹ fún un."

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn.