Ọjọ́ tí mo lọ tọrọ owó iṣẹ́ abẹ lórí rédíò

Títí di òní, bí mo bá wọ yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, mi ò ní mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi méjèèjì ṣe. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn lọ́jọ́ tí mo jókòó síwájú máíkì nílé iṣẹ́ rédíò kan ní Ring Road, tí gbogbo Ìbàdàn ń dúró de ohun tí màá sọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló gbé mi débẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ń fọ̀ fún àwọn èèyàn nígbà náà, láti ilé kan sí èkejì ní Bódìjà. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, omi ọṣẹ yọ̀ wọ́n lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ilé kan, wọ́n ṣubú lulẹ̀, egungun itan wọn sì kán níbi tó ti so mọ́ ìbàdí. Obìnrin onílé náà fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn dé ilé ìwòsàn kan lọ́nà Challenge, ó san owó káàdì àti owó àwòrán egungun, ó ní Ọlọ́run á ṣe ìyókù. A ò rí i mọ́.

Dókítà gbé àwòrán náà sókè sí ojú fèrèsé, ó fi bírò tọ́ka sí ibi tó kán. Ó ní irin ni àwọn máa fi dè é. Bí àwọn bá tètè ṣe é, màmá á rìn bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fi lè kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, egungun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í so ní wíwọ́. Mo ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ yé. Lọ́kàn mi, mo rò pé owó irin náà kò ní ju owó irin ojú fèrèsé lọ. Nígbà tí akọ̀wé owó, obìnrin kan tó wọ gíláàsì, kọ iye rẹ̀ sórí bébà tó sì yí i sọ́dọ̀ mi, mo ka àwọn òdo ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún kejì ní girama ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ò sí níbẹ̀, oògùn ò sí níbẹ̀. Ibùsùn náà sì ń ka tiẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ tètè lọ wá àwọn èèyàn yín, àǹtí."

Àwọn èèyàn wa dà? Bàbá mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ní Ìsẹ́yìn ta ewúrẹ́ méjì, ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀gá tí mo ń kọ́ iṣẹ́ irun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Àgbowó kó àjọ rẹ̀ fún wa. A da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni obìnrin tó wà ní ibùsùn kejì, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún, sọ fún wa nípa ètò kan lórí rédíò láràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí àwọn tí kò lówó ìwòsàn ti máa ń tọrọ ìrànlọ́wọ́.

Ìyá mi wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ìrora.

"Èyí? Èyí tí mo bá rán lọ ra iyọ̀, tó bá ti bá èrò méjì ní ìsọ̀, á padà wálé?"

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o," obìnrin náà dáhùn. Ó kọjú sí mi. "Ìwọ ṣá ti sunkún fún wọn. Ẹkún ò ní gírámà."

Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ́ ọ̀rọ̀ mi sórí, bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ orúkọ egungun náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ ibi tí màá ti bú sẹ́kún. Orí mi tiẹ̀ ń wú díẹ̀, nítorí mo rò pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá ti kọ́ sórí kò lè sọnù.

Nígbà tí ọjọ́ pé, atọ́kùn ètò náà, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, fi nǹkan bo etí mi, ó ní kí n má bẹ̀rù. Iná pupa kan tàn. Ó kí àwọn olùgbọ́, ó wá yíjú sí mi.

"Àbúrò mi, káàbọ̀. Báwo lara màmá?"

"A dúpẹ́, sà. Ara wọn ti ń yá."

Ó tẹjú mọ́ mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ purọ́. Láti kékeré ni ìyá mi ti kọ́ mi pé bí èèyàn bá béèrè aláìsàn, a kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi lé e lórí. Ara ti ń yá là ń wí, ì báà ṣe pé ẹnu ọ̀nà ikú ló wà. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ará ilé wa, mo ti sọ ọ́ fún dókítà pàápàá. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu bí àmín.

"Ṣùgbọ́n wọn ò lè dìde," ọkùnrin náà ràn mí lọ́wọ́, ó ń fi ọwọ́ pè mí pé kí n máa bọ̀.

"Wọn ò tíì dìde, sà, wọ́n á dìde lágbára Ọlọ́run. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí yín. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́."

Gbogbo àkọ́sórí mi ti lọ. Ẹkún náà kọ̀, kò wá. Olùgbọ́ tó kọ́kọ́ pè lórí fóònù sọ pé, "Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Ó ní ìyá òun ti ń gbádùn, àwa náà bá a dúpẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tàwọn tó le." Ìyá kan gbàdúrà títí káàdì fóònù rẹ̀ fi tán. Awakọ̀ kan láti Ìwó Road ṣèlérí ohun tó pa láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Àwọn díẹ̀ tẹ̀ lé e. Atọ́kùn ètò náà bẹ̀ wọ́n títí ohùn rẹ̀ fi há, ó ṣàlàyé egungun, ó ṣàlàyé irin, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ tẹnu ọmọ aláìsàn.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ti gbọ́ mi. Obìnrin ibùsùn kejì ní, "Àǹtí Ẹ-kú-iṣẹ́, o káàbọ̀," ó sì kọjú sí ògiri. Ìyá mi na ọwọ́, wọ́n bá mi tún ọrùn aṣọ mi ṣe.

"Ṣé o ti jẹun?" ni gbogbo ohun tí wọ́n bi mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ó sì kọjá. Owó rédíò, owó ewúrẹ́, owó àjọ, kò sí èyí tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ fún wa. Owó ibùsùn ló jẹ ẹ́. Nígbà tí akọ̀wé owó ṣírò rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó má tó láti gbà wá jáde pàápàá. Owó tí a tọrọ láti fi wo ìyá mi la san kí wọ́n lè jẹ́ ká gbé wọn lọ láìwò. A sì dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé náà bí a ṣe ń lọ.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá mi ti kúrú ju ti òsì lọ báyìí. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n ń ta súìtì àti bisikíìtì níwájú ilé. Ó pẹ́ tí mo fi ń dá ara mi lẹ́bi pé ká ní mo sunkún ni, mi ò sì jẹ́ gbọ́ ètò náà mọ́. Àfi láìpẹ́ yìí, tí mo ń di irun ìyá mi, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí ọmọbìnrin kan bọ́ síbẹ̀ nítorí bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Ó sunkún débi pé atọ́kùn ètò náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tó pè é kò pọ̀ ju àwọn tó pè mí lọ.

Ó yẹ kí ọkàn mi fúyẹ́, kò fúyẹ́. Nígbà tí mo rò pé ẹ̀bi mi ni, ó kéré tán mo gbà pé ọ̀nà kan wà, èmi ni mo ṣì í. Mo na ọwọ́ láti pa rédíò náà. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú.

"Má pa á," wọ́n ní. "Jẹ́ kó sọ tiẹ̀ tán."