Àdá Bàbá Mi àti Orúkọ Ìpáàrà

Òórùn àdín gbígbóná ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nílé wa ní Ìkọ̀lé. Yèyé mi á ti gbé àdá bàbá mi sọ̀kalẹ̀ láti òkè ààrò. Á fi iyanrìn ha á, á fi àkísà tó ti rì sínú àdín nù ún láti ẹnu dé èèkù, á sì gbé e padà sínú èéfín. Èkó ni bàbá mi wà nígbà náà, nídìí iṣẹ́ rélùwéè. Ó ní òun ò ní pẹ́ padà sóko iṣu òun, àdá sì gbọ́dọ̀ wà ní mímú dè é. Yèyé a máa wí pé, "Upáàrà kì í sùn. Ẹni tó ni irin ni kò gbọdọ̀ sùn."

Mo gbà pé upáàrà, ìyẹn ìpáàrà tó ń jẹ irin, ní eyín. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ mi sì sọ mí ní Ìyá Eléyín. Tíṣà wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kọrósọ̀n ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ìjẹrà irin, pé ọwọ́ àwọn Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á, Faransé sì gbà á láti inú èdè Róòmù àtijọ́. Ohun tí eku ń fi eyín ṣe sí iṣu ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kí ó máa họ ọ́ títí yóò fi tán. Àwọn oníṣègùn wọn tilẹ̀ ń fi í pe egbò tó ń jẹ ẹran ara. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé afẹ́fẹ́ àti omi ló ń jẹ irin, kì í ṣe eyín, síbẹ̀ wọn kò yí orúkọ padà. Mo sáré lọ sọ fún Yèyé. Ó bi mí bóyá àwọn ará Róòmù náà ń fi àdín pa àdá.

Bí ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àbúrò bàbá mi ti Èkó dé. Kò jókòó. Yèyé bi í nípa ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, má retí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní ulé àti ìyàwó mìíràn sọ́hùn-ún."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, òórùn kankan kò jí mi. Mo fúnra mi lọ gbé ìkòkò àdín. Yèyé gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́.

"Fi í sílẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Kí upáàrà máa jẹ ẹ́."

Kí òjò ọdún náà tó dá, àdá tí Yèyé gbé jù sẹ́yìnkùlé ti di pupa, ó ń ya wẹ́wẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìwé nípa irin, láìsí olùkọ́. Mo lè sọ ohun tí omi ń ṣe sí i, mo sì lè tọpa orúkọ kọrósọ̀n láti Róòmù dé Ìkọ̀lé. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn rò pé bí àdín kò bá ti tán, bàbá òun á dé. Mo gbọ́n jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òun ní ẹni tó ń retí.