Òrùka Tó Dúdú Lọ́wọ́ Ìyàwó

Ìyá Onífàdákà ni àwọn oníbàárà ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: tábìlì tí iná ti jó lójú, òòlù kéékèèké, ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń fi iṣẹ́ yìí tọ́mọ. Kò sí irin tó lè purọ́ fún un. Òórùn lásán ló fi ń mọ idẹ yàtọ̀ sí wúrà.

Alàgbà ìjọ ni mí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Ìgbéyàwó ọmọbìnrin onídìrí kan ti sún mọ́lé, ni òrùka fàdákà tí ìyá ọkọ fún un bá dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá ọkọ ní òun gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé fàdákà kì í dúdú lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ mọ́. Ó ní kò sí ìgbéyàwó mọ́. Mo gbàdúrà lé òrùka náà lórí títí ohùn mi fi há. Kò yí padà. Ó wá sí mi lọ́kàn pé bóyá òótọ́ ni ìyá ọkọ ń sọ, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo kó wọn lọ bá ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ó gbé òrùka náà símú. “Ọmọ mi, ṣé o máa ń bọ́ ọ tó o bá ń ṣiṣẹ́?”

“Rárá, mà. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ sọnù.”

“Òògùn tẹ́ ẹ fi ń mú irun ká ńkọ́, báwo ló ṣe ń rùn?”

“Bí ẹyin tó ti bàjẹ́, mà.”

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ìyá ọkọ. “Ìyá wa, ẹ yọ yẹtí fàdákà yín kan fún mi.”

“Èyí tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mi ò ní jẹ ẹ́.”

Ó se ẹyin, ó gé e wẹ́wẹ́ sínú ìgò nígbà tó ṣì gbóná, ó so yẹtí náà rọ̀ lókè rẹ̀, ó sì dé e pa. Ó ní imí-ọjọ́ tó wà nínú ẹyin náà ló wà nínú òògùn irun, òun ló sì ń pa fàdákà láró. Mo ti wàásù gan-an nípa iná àti imí-ọjọ́. N kò mọ̀ pé mò ń fi jẹ búrẹ́dì.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, yẹtí ti dúdú.

“Ìyá wa,” ẹ̀gbọ́n mi ní, “ara tiyín náà ò mọ́ nìyẹn?”

Ìyá ọkọ wo ìgò náà títí. “Ẹ bá mi nù ún, ẹ̀yin obìnrin yìí.”

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ sínú àwo, ó da omi gbígbóná, iyọ̀ àti sódà tí wọ́n fi ń yan kéèkì sí i, ó sì kó òrùka àti yẹtí sí i pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń funfun bọ̀, mo rọra bi ẹ̀gbọ́n mi létí pé ṣé àdúrà mi wá já sásán ni.

“Ta ló mú wọn wá síbí?”

Mo gba ìdáhùn náà. N kò tíì gbà á tán.

Ìyá ọkọ nu òrùka náà gbẹ, ó fa ọwọ́ ọmọbìnrin náà mọ́ra, ó sì fi í bọ̀ ọ́ níka fúnra rẹ̀. “Tó o bá ti dé ibi iṣẹ́, bọ́ ọ. Tó o bá délé, mi ò fẹ́ rí ìka yẹn lófìfo. Ṣé aṣọ tó o máa wọ̀ ti ṣe tán?”