Ẹni Tó Kanlẹ̀kùn Nínú Fíìmù

Ẹ má dá màmá mi lóhùn o! Aránṣọ ni, ṣùgbọ́n agídí ẹ̀ le ju irin máṣíìnì ẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, kó fi yàrá kan tó ń jò yẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Tí bàbá yín bá dé, tó bá ilẹ̀kùn ní títì ńkọ́?"

Ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá wa ń wà. Nígbà tí mo ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló gbé ẹrù jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan. Títí dòní, a ò rí i, a ò rí ọkọ̀. Àwọn ẹbí sunkún títí, wọ́n gba kámú. Màmá mi ò gbà. Ṣòkòtò bàbá wa kan wà nínú àpótí, ọdọọdún ló máa ń tú ìbàdí ẹ̀, tí á fi aṣọ díẹ̀ kún un. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ṣé ojú kan ni ikùn àgbàlagbà máa ń wà ni?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ̀, omi ti ń bọ́ lójú mi.

Bàbá wa ra fíìmù kan fún wa kó tó lọ. Nínú ẹ̀, bàbá kan lọ sójú ogun, ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ń retí ẹ̀. Lọ́jọ́ òjò kan, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni màmá mi máa ń pa fídíò sí. "Ó tán! Bàbá wọn ti dé. Ó yá, ẹ lọ wẹ̀." Bí àwa ṣe mọ fíìmù yẹn nìyẹn, títí kásẹ́ẹ̀tì fi bàjẹ́.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo rí fíìmù náà lórí fóònù, mo gbé e lọ bá a. A jọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn òṣèré. Bí òjò inú fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sí fóònù láti pa á.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ṣebí bàbá wọn ló dé?"

"Òun ni."

"Ẹ ti rí i rí?"

Ó fa ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn. "Mi ò wò ó débẹ̀ rí. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọmọ mi."

Ó wá mí kanlẹ̀. "Ó dáa, fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ òun ni, má tún dá ọ̀rọ̀ kíkó kúrò níbí sílẹ̀ níwájú mi mọ́. Tí kì í bá ṣe òun, màá tẹ̀ lé ẹ."

Ẹ wò ó, èmi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ látọjọ́ yìí, èmi kan náà ni mò ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé Ọlọ́run, jọ̀ọ́, jẹ́ kó jẹ́ bàbá yẹn.

Nínú fíìmù, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Sójà kan tí a ò rí rí ló dúró síbẹ̀, ó gbé báàgì bàbá náà dání. Ìyàwó ò bi í ní nǹkan kan. Ó gba báàgì, ó dì í mọ́ àyà.

Màmá mi wo fóònù títí iná ojú ẹ̀ fi kú fúnra ẹ̀.

"Ọlọ́run á tẹ́ ọkọ mi sí afẹ́fẹ́ rere," ló sọ. Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti gba àdúrà yẹn lójú ẹ̀ rí. Mo ṣe àmín. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, ta ló wá bá mi sin ín?"