Ọjọ́ Tí A Kí Àlàájà Kú Ọ̀fọ̀ Ṣíà

Òórùn ọṣẹ ló máa ń jí wa ní àdúgbò wa ní Ọ̀tà nígbà yẹn. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa, tí atẹ́gùn bá ti ọ̀dọ̀ wọn fẹ́ wá láàárọ̀, gbogbo àgbàlá á máa ta sánsán bí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Tó bá wá lọ yí sí ìhà ilé iṣẹ́ ike tí èmi ti ń ṣiṣẹ́, hẹn-ẹ́n, òórùn ike jíjó la máa fi jẹun alẹ́ nìyẹn. Àlàájà, ìyá tó ni ilé tí a ń gbé, fẹ́ràn òórùn ọṣẹ yẹn débi pé ó máa ń dúró mí i sínú kó tó ṣe àlùwàlá. Ìdí ìkòkò ọṣẹ ni ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá náà ti di olóògbé kí èmi àti ọkọ mi tó kó débẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi mángòrò, kò sì sí ọdún tí Àlàájà kì í pe àwọn àlùfáà wá ṣe àdúrà fún un.

Yàtọ̀ sí ilé, ohun tí bàbá fi sílẹ̀ kò ju ṣíà lọ, ìyẹn ìpín tí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rà nínú ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà. Ṣíà yìí ti fa ìjà láàárín tọkọtaya náà rí. Àlàájà fẹ́ kí wọ́n fowó náà ra ilẹ̀ lọ́nà Adó-Odò nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà ní pọ̀ọ́kú, bàbá ní ṣíà lòun máa rà. "Bébà" ni Àlàájà máa ń pè é, bí ẹni ń pe orúkọ orogún. Nígbà tó sú u, ó kìlọ̀ fún bàbá pé kò gbọ́dọ̀ pe bébà yẹn létí òun mọ́ láéláé. Bàbá náà kò sì pè é mọ́.

Lọ́dún kan, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe àdúrà náà ni Àlàájà gbọ́ lórí rédíò pé kí ẹni tó bá ní ṣíà tó tà á, tàbí kó tó dì í mú, kó kọ́kọ́ lọ wo iye tó ti ń jẹ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó gbé àpótí ìjókòó wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Ìyàwó, fóònù ẹ tó mọ gbogbo nǹkan yìí, ṣé ó mọ ti bébà bàbá yín?"

Ìwọ náà mọ̀ mí. Èmi tí mò ń tẹ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní akọ̀wé, ṣé èmi ni màá ní n ò mọ̀? Mo tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ojú ìwé kan sì là, ọjọ́ wà lápá òsì, iye tí wọ́n ta ṣíà kan wà lápá ọ̀tún, ó lọ súà. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àtijọ́ wà, mo wá ń kà á sókè bí ẹni ń ka ìròyìn.

"Kí ló dé tí o fo Sátidé?"

"Wọn kì í ta ṣíà ní Sátidé àti Sọ́ńdè, Àlàájà."

"Jímọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ń tà á ní Jímọ̀."

Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi tí ọjọ́ méjì ti di àwátì láàárín ọ̀sẹ̀, tí mo ní ìsinmi Iléyá ni, ara rẹ̀ yá gágá. Ó ní nǹkan tó bá ti ń bá wa ṣe Iléyá, ìbùkún Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Iye náà sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń gòkè ni Àlàájà ń sọ pé "Àlùhámúdùlíláì," títí a fi dé ogójì náírà. Mo ṣí ẹnu láti ka ọjọ́ kejì, ẹnu mi kò lè pa dé. Ogún náírà! Mo fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú fóònù. Ogún náírà náà ni. Lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ìdajì ti lọ.

"Ìgbà wo nìyẹn?" Àlàájà béèrè.

Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá mìíràn ni, mo sì dárúkọ ọdún náà fún un. Àlàájà dìde fùú. "Iléyá yẹn! Iléyá tí bàbá yín ra àgbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó màlúù! Tó ń dá rẹ́rìn-ín kiri ilé! Àṣé bébà ti kú, ó wá ń pa àgbò lé e lórí! Mo gbé o! Ó ti lọ o!"

Télọ̀ tó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé gbọ́ "ó ti lọ," ó fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó sáré wọlé. Nígbà tó fi máa jáde, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ Àlàájà. Èèyàn kún àgbàlá fọ́fọ́. Wọ́n gbé búrẹ́dì wá, wọ́n gbé omi oníke wá. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o." "Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró." Ìyá kan tiẹ̀ béèrè pé ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀, mo ní ó ti lé lọ́dún mélòó kan. Ìyá náà pàtẹ́wọ́, ó ní, "Háà! Ẹ ò sì ta wá lólobó láti ọjọ́ yìí!"

Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí lọ́fun, àmọ́ nígbà tí mo wo ojú Àlàájà, ẹ̀rín náà pòórá. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ó ti padà sí ọgbọ̀n náírà báyìí. Ó ní ọgbọ̀n kì í ṣe ogójì. Ó fi ìborùn nu ojú. "Ìyàwó, kì í ṣe owó ló ń dùn mí. Ọkùnrin tí mo bá gbé látìgbà ọmọge mi, ó mọ̀ pé a ti jìn sí kòtò, ó wá ń rẹ́rìn-ín sí mi lójú." Ojú ẹsẹ̀ ló pe àlùfáà pé kó má wulẹ̀ wá ṣe àdúrà ọjọ́ Sọ́ńdè mọ́. Àlùfáà ní kí ló dé. Àlàájà ní, "Ẹni tí a fẹ́ ṣe é fún ló ṣẹ̀ mí." Ó ní tó bá di Mọ́ńdè, òun máa ta bébà náà dànù níye tí wọ́n bá pè é.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rẹ́ bàbá kan dé láti Ṣàngó. Bàbá yìí ni olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nígbà tí wọ́n jọ wà nílé iṣẹ́ ọṣẹ, ohùn rẹ̀ sì ṣì jọ ti ẹni tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó fajú ro wọlé, ó kí wa kú ọ̀fọ̀, ó wá béèrè ẹni tó kú. Mo na fóònù sí i, mo fi ibi tí ogójì ti di ogún hàn án. Bàbá wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, fìlà bọ́ lórí rẹ̀.

"Bàbá, ibi ọ̀fọ̀ la wà o!" Télọ̀ fajú ro.

"Ọ̀fọ̀ wo? Ọjọ́ tó bímọ lẹ̀ ń kí kú ọ̀fọ̀!" Ó ní lọ́dún yẹn, ilé iṣẹ́ ní kí gbogbo ẹni tó bá ní ṣíà kan gba ọ̀kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan di méjì, ni iye náà bá pín sórí méjèèjì. "Tí obìnrin bá bímọ, ṣé ikùn rẹ̀ kì í wálẹ̀ ni? Ta ní ń kí i kú ara fẹ́ra kù?"

Télọ̀ ló kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ jáde pé ọgbọ̀n lọ́nà méjì, ọgọ́ta nìyẹn, ó sì ju ogójì lọ. Èmi akọ̀wé ń wo ilẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé àwọn ojú ìwé kan máa ń tún iye àtijọ́ ṣe kó lè bá irú pínpín bẹ́ẹ̀ mu, àwọn mìíràn á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Èyí tí kò tún nǹkan kan ṣe ni mo lọ ṣí.

"Èmi náà ni mo jẹ irú ìyà yìí," bàbá ará Ṣàngó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bí mo ṣe rí ogún náírà, n ò bi ẹnikẹ́ni, mo sáré tà á, mo fi ra jẹnẹrétọ̀. Kò pẹ́ tó fi dẹnu kọlẹ̀. Ọkọ yín fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi kú! Èmi ló ń rántí tó fi ń rẹ́rìn-ín kiri ilé. Mo ní kó sọ fún yín, ó ní ẹ ti ní òun ò gbọ́dọ̀ pe bébà létí yín mọ́."

Àlàájà wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, bébà kejì, ti ṣíà ọ̀fẹ́ náà, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rò pé fọ́tòkọ́pì ti àkọ́kọ́ ni, ló bá tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ àpótí gèlè. Ni àwọn tó wá kí ìyá kú ara fẹ́ra kù bá yí ohùn padà: "Ẹ kú ewu ọmọ o!" Ẹni tó gbé búrẹ́dì wá ní kí wọ́n wá ẹ̀wà sí i. Àlàájà pe àlùfáà padà. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀ ní Sọ́ńdè, a ti parí ìjà."

Nírọ̀lẹ́, kó tó kírun, ó ní kí n sin òun dé ìdí mángòrò. Atẹ́gùn ń gbé òórùn ọṣẹ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó kúnlẹ̀ ti sàréè náà. "Olówó orí mi, ẹ forí jì mí. Mo bú yín lánàá, mo tún bú yín láàárọ̀ yìí." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò pẹ́ ni ohùn rẹ̀ tún lọ sókè. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà! Mo ní ẹ má pè é létí mi mọ́, ẹ sì gbà! Ìgbà wo lẹ ti ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu tẹ́lẹ̀?"

Kò ta bébà náà. Èmi pẹ̀lú ti ra ṣíà díẹ̀ báyìí, bí mo bá sì ṣí ojú ìwé àtẹ̀yìnwá tí mo rí i pé iye já wálẹ̀ lójijì, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá ó kú ni àbí ó bí. Nígbà mìíràn, kíkú náà ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú ọ̀rọ̀ náà kò sí lórí fóònù. Bí inú ṣe lè bí mi tó sí ọkọ mi, n ò jẹ́ sọ fún un láé pé kó má pe nǹkan kan létí mi mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè gbà.