Ohun Tí Kò Sí Nínú Ìwé Àwíjàre Bàbá Mi

Òórùn ọ́ìlì dúdú àti rọ́bà gbígbóná ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti dé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi lójú ọ̀nà Másífà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí wọ́n tó bí mi, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni mo sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí nígbà tí mo parí iṣẹ́ kíkọ́. Ṣọ́ọ̀bù yìí ni ẹnì kan fẹ́ fi kóòtù gbà lọ́wọ́ wa. Títí dòní, tí mo bá rántí, ó ṣì máa ń bí mi nínú.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ń jó irin ló yá owó lọ́wọ́ Alájì tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, bàbá mi sì ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Nígbà tí owó ò yá san, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí pè wọ́n jókòó. Alájì gba ẹ̀rọ ìjórin ọ̀rẹ́ náà, ó ní kó lọ wá ìyókù wá láti Àbíjàn, ó wá kọjú sí bàbá mi: "Ọrùn tiyín ti bọ́. Èmi àti ẹni tó jẹ mí ló kù." Wọ́n ka Fátíà lé e láti fi dè é, olórí àwọn àgbà sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ níta mọ́, kí ojú má baà ti ajigbèsè. Ìwọ náà mọ̀ pé bá a ṣe ń parí ìjà níbí nìyẹn, a máa ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Àfi bí Alájì ṣe gba kóòtù lọ, tó pe bàbá mi lẹ́jọ́ pé onígbọ̀wọ́ ni kó san gbèsè, tàbí kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dí i. Lọ́yà wa, obìnrin onísùúrù kan, bi bàbá mi bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó ṣe onígbọ̀wọ́ náà. Bàbá mi ní kò sí. Wọ́n ti ṣèlérí níwájú àwọn àgbà pé àwọn ò ní sọ. Lọ́yà bá kọ ìwọ̀nba tó rí gbọ́ sínú ìwé àwíjàre, ìyẹn èsì wa sí ẹ̀sùn náà.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, Alájì gbé Kùránì lọ́wọ́, ó ní òun ò gba ohunkóhun rí, òun ò sì dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Èmi tí mo fojú ara mi rí ẹ̀rọ ìjórin yẹn lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀! Mo ti dìde kí n tó mọ̀, mo ní, "Ẹ̀rọ ńkọ́?" Adájọ́ ní kí n jókòó. Lọ́yà wa gbọ́, ó bi Alájì léèrè ẹ̀rọ, ni lọ́yà tiwọn bá sọ pé kò sí nínú ìwé àwíjàre wa. Adájọ́ ní òótọ́ ni, ohun tí a ò kọ, kóòtù ò lè gbọ́ ọ. Òpùrọ́ jókòó, ó na ẹsẹ̀.

Lọ́yà wa ní a lè bẹ kóòtù kí a tún ìwé náà ṣe, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò tíì dájọ́, àmọ́ bàbá mi gbọ́dọ̀ búra sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá mi mi orí. "Mo ti ka Fátíà lé e." Inú bí mi. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú olórí àwọn àgbà.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí bàbá mi panu mọ́. Ìpanumọ́ yẹn ni Alájì fẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù wọn."

Bàbá àgbà náà fi tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Ohun tá a jọ sin, tí ẹnì kan bá ti hú u, kò sí lábẹ́ ilẹ̀ mọ́. Sọ fún bàbá ẹ kó lọ búra. Èmi náà ń bọ̀."

Nígbà tí a padà sí kóòtù, lọ́yà tiwọn ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó to irọ́ jọ ni. Adájọ́ gbà wá láyè láti tún ìwé ṣe, torí ibẹ̀ gan-an ni òtítọ́ ẹjọ́ wà, àmọ́ ó ní ká san owó fún Alájì nítorí pé a dá ẹjọ́ dúró. Gbọ́ ọ o: àwa la sanwó fún ẹni tó fi òtítọ́ pamọ́. Nígbà tí olórí àwọn àgbà wá jẹ́rìí, bàtà ara rẹ̀ ni Alájì ń wò. Wọ́n dá bàbá mi sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù sì kù fún wa.

Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, síbẹ̀ bàbá mi ṣì ń dáhùn sàláámù Alájì. Èmi kì í dá a lóhùn. Ní báyìí tí wọ́n ń pe èmi náà síbi ìparí ìjà, tí wọ́n bá ní ká bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, mo máa ń gbà. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó sọ ọ́: "Màá bá yín bò ó. Àmọ́ tí ẹnì kan bá hú u, èmi ni màá kọ́kọ́ la ẹnu."